MusicBrainz Picard àti àwọn CD jùjú ilé wa

CD bí 180 ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa, jùjú àti àpàlà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà ni mo rí i pé dídà orin kò le. Orúkọ ló le. Ọ̀pọ̀ CD kò ní orúkọ orin kankan nínú, àfi orin fúnra rẹ̀ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ètò tó ń dà á kò bá rí orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, “Track 01” ni yóò kọ sí i.

Ètò tí mo wá fi tún wọn tò ni MusicBrainz Picard. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, ọ̀dọ̀ MusicBrainz ló sì ti ń mú orúkọ wá, ìyẹn àkójọ tí àwọn olólùfẹ́ orin ń fi ọwọ́ ara wọn kọ láti ọdún 2000. Bí CD bá wà nínú kọ̀ǹpútà, ó máa ń fi ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ dá àwo náà mọ̀. Bí ó bá jẹ́ fáìlì nìkan ló wà, Lookup ń fi orúkọ tó ti wà nínú fáìlì wá a, Scan sì ń fi ìró orin fúnra rẹ̀ wá a. Mo ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀: mo tẹ Scan fún gbogbo fáìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì tọ́jú iṣẹ́ láìwò ó. Nítorí pé orin kan lè wà nínú àwo tirẹ̀ kí ó sì tún wà nínú àkójọpọ̀ mẹ́rin, orin inú àwo kan fọ́n ká sí fódà mẹ́fà, odidi ọjọ́ méjì ni mo sì fi kó wọn jọ. Ẹ mú àwo kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ Cluster tó ń kó fáìlì àwo kan náà jọ, ẹ tẹ Lookup, kí ẹ sì dúró títí àwòrán CD tó wà lápá ọ̀tún yóò fi dà bíi wúrà kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀.

Ibi tó ti wúlò fún mi jù ni orúkọ olórin. Ebenezer Obey pe ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ní International Brothers kí ó tó di Inter-Reformers; King Sunny Adé pe tirẹ̀ ní Green Spots kí ó tó di African Beats. Bí a bá kọ orúkọ bó ṣe wà lára páálí kọ̀ọ̀kan, olórin kan á pín sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí fóònù. Picard ní ibi tí a ti lè yàn pé kí orúkọ kan ṣoṣo dúró fún olórin náà, èyí nìkan sì tó fún mi láti gbóríyìn fún un.

Nípa orin gígùn, àwọn CD tí a dà láti inú àwo ńlá ayé àtijọ́ sábà máa ń ní orin méjì péré, ojú àwo kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ orin márùn-ún sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gé e. Ìlù ló so wọ́n pọ̀, bí a bá sì gé e, ibi tí gángan ti ń fa orin kan wọ inú èkejì yóò bàjẹ́. Àṣà MusicBrainz ni pé kí a to gbogbo orúkọ náà tẹ̀léra, kí a fi ìlà dídagẹ̀rẹ̀ (/) sáàárín wọn. Picard á sì yí ìlà náà padà nínú orúkọ fáìlì, torí kọ̀ǹpútà kò gbà á níbẹ̀.

Ní ti àmì ohùn lórí orúkọ, fáìlì orin tó jẹ́ irú FLAC kò ní wàhálà kankan. Fún MP3, bí ẹ bá yan ID3v2.3, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ kan tí a ń gbà kọ orúkọ sínú fáìlì, nítorí ẹ̀rọ àtijọ́, UTF-16 ni kí ẹ yàn fún lẹ́tà rẹ̀, nítorí pé ISO-8859-1, ìyẹn àkójọ lẹ́tà kejì tí ẹ lè yàn, mọ “à” àti “é” ṣùgbọ́n kò mọ “ẹ”, “ọ” tàbí “ṣ” rárá. Ẹ tún mọ̀ pé “ọ̀” kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀. Lẹ́tà àti àmì ni a so pọ̀. Ẹni méjì lè tẹ̀ ẹ́ lọ́nà méjì tí ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí, kí ẹ̀rọ sì ka olórin kan sí méjì. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń da orúkọ kan kọ látinú MusicBrainz sí gbogbo fáìlì.

Àwo tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì kọ síbẹ̀, Picard kò lè rí orúkọ rẹ̀ mú wá, ọ̀pọ̀ àpàlà wa ló sì wà bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ wọ́n sí i báyìí. Lára páálí kan, lẹ́tà ńlá láìsí àmì ni wọ́n fi kọ OKO, mi ò sì mọ̀ bóyá oko ni, ọkọ ni, ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, wọ́n sì kọ orin náà fún mi dé ìdajì. Ọkọ̀ ni, ọkọ̀ ojú omi. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.