Ọgbà ẹranko ìjọba, ti Kainji àbí ti Old Oyo: èwo ni kẹ́ ẹ lọ, tẹ́ ẹ bá ń gbéra láti Ìlọrin

Tó bá jẹ́ ẹranko ńlá àti ẹyẹ omi lẹ fẹ́ rí, Kainji ni jàre, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ó fi ìlọ́po méjì tóbi ju Old Oyo lọ. Odò Oli lẹ ti máa rí erinmi, etí àti ihò imú nìkan ló máa ń yọ sókè, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé òkúta ni àfìgbà tó bá fọn omi nímú fìììn! Idì tó ń pẹja náà wà létí adágún, ẹ má gbàgbé bainọ́kúlà o. Àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ jìn, ẹ ó gba Jẹ́bà, ẹ ó gba Mokwa, kẹ́ ẹ tó rí New Bussa, ìlú tí wọ́n ń gbà wọ Kainji, ẹ̀yìn á ti máa ro yín.

Old Oyo ní tiẹ̀ bá Kwara pààlà, èèyàn lè gba apá Igbẹ́tì lọ. Ẹfọ̀n àti ọ̀bọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè rìn títí kó jẹ́ aparò nìkan lẹ máa rí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ló ń fà mí lọ síbẹ̀ ní tèmi (àwa ará Ìlọrin sì lọ́wọ́ nínú bó ṣe tú, ẹ jẹ́ ká sọ̀ótọ́).

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ìgbà ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, koríko ti jóná, ẹranko ń wá omi mu, àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù Yúróòpù náà ti dé. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè bí ààbò ọ̀nà ṣe rí, méjèèjì ni mò ń sọ.