All Star lásán àbí Chuck 70: èwo ni kí ẹ fowó yín rà?

Bí wọ́n bá to bàtà Converse méjì yìí sórí pẹpẹ, tí ẹ sì dúró lókèèrè, ẹ ó ní bàtà kan náà ni. Káńfáàsì ni méjèèjì, rọ́bà ló bo imú wọn, àmì róbótó tó ní ìràwọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, All Star lásán máa ń wà láàárín dọ́là 60 sí 70, Chuck 70 sì máa ń wà láàárín 85 sí 100. Èmi tí mo fẹ́ràn ohun àtijọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, látorí jíǹsì dórí mọ́tò gbọ̀ngbọ̀nràn ayé ọjọ́un, ẹ má retí pé n kò ní gbè sẹ́yìn ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo máa sọ ibi tó ti kù fún un náà.

Ibi tí wọ́n ti wá

Ní 1908 ni Marquis Mills Converse dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Malden, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní 1917, wọ́n gbé All Star jáde fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Chuck Taylor, ọmọ Indiana tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà, dara pọ̀ mọ́ wọn láwọn ọdún 1920. Ó ń wa mọ́tò láti ìlú dé ìlú, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní bọ́ọ̀lù, ó sì ń tibẹ̀ ta bàtà fún wọn. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, orúkọ rẹ̀ ti wà lára bàtà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹta, 1962, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Wilt Chamberlain nìkan gba ayò 100 nínú ìdíje kan ní Hershey, Pennsylvania, Converse ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, bàtà aláwọ lé káńfáàsì kúrò lórí pápá. Ó bá bọ́ sí ìgboro: àwọn olórin rọ́ọ̀kì gbà á, àwọn ọmọ ilé ìwé gbà á, àwọn tó ń gun pátákó oníkẹ̀kẹ́ náà gbà á. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti lé e, ìgboro ló ti wá ń jayé.

Àmọ́ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, bàtà náà ń fúyẹ́ sí i, káńfáàsì rẹ̀ sì ń tín-ín-rín. Ohun tó kù níkẹyìn ni All Star lásán tó wà lọ́jà báyìí. Ní 2013, ilé iṣẹ́ náà wẹ̀yìn wò, wọ́n ṣe Chuck 70 kí ó lè jọ èyí tí wọ́n ń ṣe láwọn ọdún 1970.

Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ All Star lásán, yóò wọlé kíá. Bàtà náà á wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí kò bá sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Káńfáàsì Chuck 70 nípọn ju tiẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà ó máa ń dá dúró. Ẹ wo rọ́bà tó yí i ká: ti lásán funfun gbòò, kò sì ga, ti Chuck 70 pupa díẹ̀ bí eyín erin, ó ga, ó ń dán bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún. Ẹ wá yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Àmì gìgísẹ̀ Chuck 70 dúdú, ti èkejì funfun. Nínú, wọ́n rán etí ahọ́n Chuck 70 mọ́ ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà máa yọ̀ lọ sápá kan. Ẹni tó ti fi All Star lásán rìn jìnnà yóò mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ nínú Chuck 70 náà nípọn ju ti lásán lọ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ibi tí Chuck 70 ti kù rèé: ó wúwo, ó sì máa ń le lẹ́sẹ̀ kí ó tó rọ̀. Nínú oòrùn, káńfáàsì tó nípọn yẹn ń múni láàgùn, ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ bàtà tí ẹ ó máa wọ̀ lọ sọ́jà, tí ẹ ó máa fọ̀, tí ojú kò sì ní í ro yín bó bá gbó, All Star lásán ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó tó kù ra ìbọ̀sẹ̀.

Ní ti sáìsì, méjèèjì máa ń tóbi. Ẹ fi ààbọ̀ sáìsì dín sí èyí tí ẹ ń wọ̀, àfi bí ẹsẹ̀ yín bá fẹ̀.

Ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì kò rọrùn láti pààrọ̀, torí iná ni wọ́n fi mú rọ́bà náà mọ́ káńfáàsì. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ká, lẹ́yìn ọmọ ìka, ló sábà máa ń kọ́kọ́ là. Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà, ẹ mọ àwọn ṣùmékà tó ń fi okùn rán ẹ̀gbẹ́ bàtà yíká. Ó ń jẹ́ kí ó pẹ́. Àmọ́ ó máa ń ba ẹwà Chuck 70 jẹ́, torí rọ́bà tó ń dán yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá.

Èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà gan-an ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: wọn ò ṣe Chuck 70 ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ Converse wọ gbèsè ní 2001, wọ́n ti ilé iṣẹ́ wọn tó wà ní Lumberton, North Carolina, pa lọ́dún náà, iṣẹ́ sì kó lọ sí Éṣíà. Nike ra orúkọ náà ní 2003 ní mílíọ̀nù dọ́là 305. Èyí tó bá ní "Made in U.S.A." lára nìkan ló ti ọ̀hún wá, ó sì ti lé lógún ọdún.

Ó máa ń yọjú láàárín òkìríkà nígbà mìíràn, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ rọra ká bàtà náà láàárín. Bí rọ́bà bá dún wẹ́rẹ́, tí ó sì fọ́ bí ewé gbígbẹ, ti àwòṣífìlà ni. Kò ní í bá yín dé ìta gbangba.

Bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yín, dúdú tó ga dé kókósẹ̀ ni kí ẹ mú.