Math-U-See tàbí RightStart: èwo ni kí ẹ rà fún ọmọ tí ẹ ń kọ́ nílé?

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín fi ọwọ́ kan ìṣirò kó tó kọ ọ́ sínú ìwé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ orúkọ ètò ìkọ́ni ìṣirò méjì yìí: Math-U-See àti RightStart. Méjèèjì dára. Àkókò òbí ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Búlọ́ọ̀kù oníke ni Math-U-See ń lò, iye kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 10 ní àwọ̀ tirẹ̀. Steven Demme tó dá a sílẹ̀ ló ń ṣàlàyé nínú fídíò. Ẹ ó jọ wò ó, ẹ ó fi búlọ́ọ̀kù dán an wò, ọmọ á wá kọjú sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ á rí ìsinmi díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa: ìwé kan, iṣẹ́ kan ni. Gamma wà fún ìsọdipúpọ̀, Delta fún pínpín, ó di Epsilon kí ọmọ tó dojú kọ ìdá. Bí ọmọ bá padà sí ilé ìwé láàárín, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ti máa ṣe ìdá kí tirẹ̀ tó kàn án. Ẹni tí kò bá dá lójú pé òun á kọ́ ọmọ nílé fún ọdún púpọ̀, kó rò ó re.

RightStart, tí Joan Cotter ṣe, ni èmi fẹ́ràn jù fún ọmọ kékeré. Abacus rẹ̀, ohun èlò tí ọmọ fi ń ka iye, ní ìlẹ̀kẹ̀ 100 lórí ìlà 10. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní búlúù 5 àti yẹ́lò 5, kí ojú ọmọ lè dá 7 mọ̀ láìkà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá gbọ́ Yorùbá, ẹ ní kó gbé ẹ̀tàdínlógún kalẹ̀: ìlà méjì, kó yọ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta kúrò. Eré káàdì ló pọ̀ jù nínú àṣetúnṣe rẹ̀, ẹkún orí tábìlì á sì dín kù. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ìwé olùkọ́ á sọ ohun tí ẹ ó wí, ẹnu yín ló sì máa wí i. Bí ọmọ mẹ́ta bá wà ní ìpele mẹ́ta, ọjọ́ á lọ.

Ní ti owó, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó ra búlọ́ọ̀kù tàbí abacus, àbúrò á bá a. Ìwé iṣẹ́ lẹ ó máa rà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí àlòkù, ẹ ka búlọ́ọ̀kù àti káàdì rẹ̀ pé kí ẹ tó sanwó.

Ìdánwò ìpele ọ̀fẹ́ wà lórí ìkànnì àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe é, kí ẹ má fi ọjọ́ orí rà á: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí àyọkúrò ṣì ń dà láàmú lè bẹ̀rẹ̀ láti Alpha, ìwé àròpọ̀ àti àyọkúrò ti Math-U-See.