Ọmọ ajá tí ẹ fẹ́ rà l'Ékìtì: ìyá rẹ̀ dà?

Ọ̀nà mẹ́rin ni ọmọ ajá sábà máa ń gbà wọ ilé wa l'Ékìtì. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ajá sísìn ṣe iṣẹ́. Ìkejì ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó wọn sínú kéèjì lẹ́bàá títì. Ìkẹta, ẹ rí àwòrán lórí WhatsApp tàbí Facebook, wọ́n sì fi mọ́tò gbé e wá fún yín láti Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìkẹrin, ajá ará àdúgbò bímọ, wọ́n ní kí ẹ wá mú ọ̀kan.

Mo ti gba ti ẹ̀bá títì rí, ní Adó. Ajá dúdú kan ni, wọ́n ní Rottweiler ni. Ó jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń jà, mo ní oníwà pẹ̀lẹ́ rèé. Àṣé àárẹ̀ ló mú un. Lọ́jọ́ kẹrin ó kọ oúnjẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ rẹ̀ di ẹ̀jẹ̀. Dókítà ẹran ní parvo ni, àrùn inú tó máa ń ran ọmọ ajá, tó sì máa ń pa wọ́n. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹfà kò mọ́ bá a. Àrùn yẹn máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 7 nínú ara kó tó farahàn, bẹ́ẹ̀ ó ti wà lára rẹ̀ nígbà tí mo ń ka owó. Èyí tó burú jù ni pé kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ ọgbà fún oṣù púpọ̀, kódà kó ju ọdún kan lọ. Ẹni tó bá tún yára gbé ọmọ ajá mìíràn tí kò gba abẹ́rẹ́ wá síbẹ̀ ń tún owó sọnù ni.

Ìyá ni rìsíìtì

Ẹni tó ń sin ajá dáadáa á mú yín lọ síbi tí ìyá ti ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ wo ọmú rẹ̀, ó yẹ kó ti sọ̀. Ẹ wo bó ṣe ń rìn, pàápàá bó bá jẹ́ Rottweiler, Boerboel tàbí ajá Jámánì, torí àrùn oríkèé ìbàdí máa ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ wọn. Bí wọ́n bá ní X-ray ìbàdí òbí, ó dáa gan-an, èmi ò tíì rí ẹni tó fi hàn mí. Bàbá kò pọn dandan kó wà ńlé, àwọn míì ń gbé abo wọn lọ bá akọ níbòmíì ni.

Ẹ̀bá títì ńkọ́? Wọ́n á ní ìyá wà lábúlé. Tàbí kí wọ́n fa abo kan jáde tí ọmú rẹ̀ gbẹ bí ti ajá tí kò bí rí. Ti orí fóònù, ẹ ní kí ó pè yín lórí fídíò, kó dúró ti ìyá àti àwọn ọmọ, kó sì dárúkọ yín. Bó bá ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ pa owó yín mọ́. Ará àdúgbò nìkan ni kò ní wàhálà níbí: ẹ ti mọ ìyá ajá náà, ó ti lé yín rí.

Ọjọ́ orí àti káàdì

Ọ̀sẹ̀ 8 ni kó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Àwọn tó wà ní kéèjì sábà máa ń kéré sí i, torí pé bí ó bá ṣe kéré tó ni ó ṣe ń wu ọmọdé tó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí ó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń dúró di nǹkan bí oṣù 3. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 8 síwájú yín tó ní "ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán", irọ́ ló ń pa, ì báà jẹ́ ẹni tó wọ kóòtù funfun. Káàdì gidi ní ọjọ́, orúkọ abẹ́rẹ́, àti ọwọ́ dókítà ẹran. Ti ará àdúgbò kì í sábà ní káàdì rárá. Ẹ má fojú fo ìyẹn o: dìgbòlugi tó bá ti farahàn lára èèyàn, kò sóògùn tó ń wò ó.

Owó

Ẹni tó ń sin ajá ló máa ń gbówó lérí jù, kì í sì í fẹ́ kí ẹ dúnàádúrà. Ti ẹ̀bá títì á já a sí ìdajì lójú yín. Ṣùgbọ́n ẹ ro owó abẹ́rẹ́, oògùn aràn àti ti eégbọn, àti omi tí dókítà máa fà sí i lára bó bá ṣàìsàn, mọ́ ọn. Bí ọwọ́ yín ò bá ká ti àkọ́kọ́, èmi á ní kí ẹ gba ti àdúgbò, kí ẹ fi ìyókù owó gún un lábẹ́rẹ́. Ajá ilé tó ń jẹ iyán ajẹkù mọ olè lójú ju ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Caucasian, onírun nínípọn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú oòrùn ọ̀sán lọ. Òtútù orí òkè ni wọ́n bí irú ìyẹn sí, kódà afẹ́fẹ́ Ẹ̀fọ̀n kò lè tó o.

Ohun kan tún yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ń sin ajá dáadáa á bi yín léèrè: ta ló wà ńlé lọ́sàn-án, ṣé ògiri yí ilé ká? Á sọ pé bí ẹ kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, òun ni kí ẹ dá a padà fún. Ẹni tó wà nídìí kéèjì ò bi mí ju "ṣé kí n bá yín fi sínú páálí?" lọ.

Èmi náà ti wà lórí ìlà báyìí lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Ìkéré. Wọ́n ti jẹ́ kí akọ gun abo rẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá, ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ 8 lé e. Kí ó tó dé, ẹgbẹ́ ògiri mi tó ya lẹ́yìnkùlé ni mo ń tún mọ, torí ó ní òun á wá wò ó kí òun tó gba owó.