Campus Pride Index: Ta Ló Ń Pín Ìràwọ̀?

Ọmọ tó jókòó sí Kàbà tàbí Ìsánlú, tó ń wá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ transgender, ìyẹn ni pé bó ṣe mọ ara rẹ̀ sí yàtọ̀ sí akọ tàbí abo tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan Campus Pride Index. Ìkànnì ni. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní béèrè orúkọ yín kó tó jẹ́ kí ẹ wá iléèwé. Ìràwọ̀ ló fi ń wọn bí iléèwé ṣe gba akẹ́kọ̀ọ́ transgender àti àwọn tó ń fẹ́ akọ bíi tiwọn tàbí abo bíi tiwọn mọ́ra, márùn-ún ló sì pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ Campus Pride, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ló ni ín. 2007 ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n ìràwọ̀ náà jáde.

Àwa fún un ní mẹ́ta. Iléèwé fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ọ́n. Ṣé ẹni tó se ọbẹ̀ náà ni yóò wá sọ pé iyọ̀ ò sí níbẹ̀?

Síbẹ̀, ó wúlò fẹ́ni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Bí ojú ewé iléèwé kan bá ti ṣí, ẹ má dúró síbi ìràwọ̀ ńlá tó wà lókè. Ẹ sún un sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ ó rí ìlà méjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀: ọ̀kan fún irú ẹni téèyàn ń fẹ́, èkejì fún bí èèyàn ṣe mọ ara rẹ̀ sí. Ìlà kejì yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ transgender tẹjú mọ́. Iléèwé tó ní ẹgbẹ́ alárinrin àti àríyá ọdọọdún lè gba mẹ́rin lókè, kó sì jẹ́ pé kò ní yàrá kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ transgender lè sùn sí kọ́kàn rẹ̀ balẹ̀.

Abala mẹ́jọ ló wà lábẹ́ ìyẹn, ìbéèrè inú wọn sì lé ní 50. Ká sòótọ́, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ohun tí ọmọ tó ń wá àyè nílò. Ẹ fi abala ẹ̀kọ́ àti ti ìgbà-wọlé sílẹ̀ ná. Abala òfin iléèwé, ilé gbígbé, àti ìlera ni kí ẹ ṣí, kí ẹ sì ka ìbéèrè wọn níkọ̀ọ̀kan, torí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" tó wà níwájú ìbéèrè ló ń sọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ kàn ń ṣe àròpọ̀ ni.

Ilé gbígbé ló máa ń já èèyàn kulẹ̀ jù. Ní 2003, Yunifásítì Wesleyan ní Connecticut ya ibì kan sọ́tọ̀ nínú ilé gbígbé rẹ̀ fún àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n fi akọ tàbí abo pín yàrá fún àwọn, ọ̀pọ̀ iléèwé ló sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" orí ìkànnì lè jẹ́ àjà kan ṣoṣo nínú ilé kan ṣoṣo, tó ti kún kí àlejò tó gba físà. Nítorí náà, ẹ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ilé gbígbé, kí ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́rin: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lè gba irú yàrá bẹ́ẹ̀? Ibùsùn mélòó ni? Ọjọ́ wo ni fọ́ọ̀mù ń tì? Ṣé owó yàrá náà ju ti yòókù lọ? Ìbéèrè kẹrin ni ẹ má gbàgbé. Nígbà míì, ohun tí wọ́n ń pè ní ààyè fún transgender kò ju yàrá ẹlẹ́nìkan tó wọ́n lọ, ẹ̀yin lẹ ó sì san án. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ilé ìwẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́nìkan tó ní kọ́kọ́rọ́, torí yàrá lè dáa kí ilé ìwẹ̀ má dáa.

Ti orúkọ ló kàn. Yunifásítì Vermont ni wọ́n máa ń tọ́ka sí níbi ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ní 2009 ni wọ́n tún kọ̀ǹpútà iléèwé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa pè é sínú rẹ̀. Lónìí, níbi tí irú ètò yìí bá wà, orúkọ náà sábà máa ń hàn lórí ìwé tí olùkọ́ fi ń pe kíláàsì, lórí ímeèlì, àti lórí káàdì ìdánimọ̀. Kì í dé orí I-20, ìyẹn ìwé tí iléèwé ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi gba físà, kì í dé orí ìwé owó oṣù, kì í dé orí ìwé owó orí. I-20 gbọ́dọ̀ bá páásípọ́ọ̀tù mu. DS-160, ìyẹn fọ́ọ̀mù físà, náà gbọ́dọ̀ bá a mu, bẹ́ẹ̀ náà ni rìsíìtì 350 dọ́là tí wọ́n ń san fún SEVIS, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́pa akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè. Ibí ni ọmọ máa ń ṣì í: fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé ní àyè méjì, ti orúkọ páásípọ́ọ̀tù àti ti orúkọ ìpè. Bí ẹ bá fi orúkọ ìpè sí àyè àkọ́kọ́, orúkọ yẹn ni yóò wọ I-20. Iléèwé á ní láti tẹ òmíràn, ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà kò sì ní dúró dè yín.

Orúkọ Yorùbá ń gba èèyàn sílẹ̀ níhìn-ín lọ́nà tí àwọn tó kọ ìkànnì náà kò rò. Tèmítọ́pẹ́, Bámidélé, Olúwaṣeun: akọ ń jẹ́ ẹ, abo ń jẹ́ ẹ. Àfi kí oríkì bọ́ sí i, bí Àjàní tàbí Àṣàkẹ́, kó tó di pé ó tú àṣírí. Bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá ti wà nínú páásípọ́ọ̀tù, kódà kó jẹ́ orúkọ àárín, ẹ kàn ní kí iléèwé máa fi pè yín. Kò sí ìwé kóòtù kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "he" àti "she" náà ńkọ́? Ní 2016, Yunifásítì Michigan ṣí àyè sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ yan èyí tó fẹ́ kí wọ́n máa lò fún òun. Èdè wa kò ní wàhálà yìí: "ó" ni fún akọ àti abo, ìyá àgbà ní Ìyàrà sì ń sọ ọ́ láìronú. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà kò pín akọ àti abo. Bọ̀dá àti àǹtí ló ń pín in. Bí ẹ bá kún fọ́ọ̀mù náà, ẹ mọ̀ pé olùkọ́ ń rí i. Àyè tí ẹ kò bá fẹ́ kún, ẹ lè fi sílẹ̀ lófìfo.

Ìràwọ̀ kì í já bọ́ láti òkè, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jà á gbà. Ní 1996 ni Yunifásítì Iowa fi bí èèyàn ṣe mọ ara rẹ̀ sí akọ tàbí abo sínú òfin rẹ̀ tó dènà ìyàsọ́tọ̀. Ní 2013, Smith, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ní Massachusetts, dá ìwé ọmọbìnrin transgender kan padà nítorí pé "akọ" ló wà lórí fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò dákẹ́: wọ́n gba ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n jáde. Oṣù Karùn-ún 2015 ni àwọn aláṣẹ tó yí òfin padà. Àìsàn tó ń ṣe irú ìjà báyìí ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwọn tó jà á ti gboyè, wọ́n ti lọ. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè kú kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí Index. Ẹ wá ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé náà (ti Iowa ń jẹ́ The Daily Iowan, ti Michigan ń jẹ́ The Michigan Daily), kí ẹ wo ọdún tí wọ́n mẹ́nu kan ẹgbẹ́ náà kẹ́yìn. Bó bá ti lé ní ọdún méjì, ẹ fura.

Òfin ìpínlẹ̀ ni ìràwọ̀ kì í tètè gbé yẹ̀wò, àfi tí iléèwé bá tún fọ́ọ̀mù kún. Ní Texas, òfin SB 17 ti ti ọ́fíìsì DEI, ìyẹn èyí tó ń rí sí i pé iléèwé gba onírúurú èèyàn mọ́ra, pa ní yunifásítì ìjọba láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024. Ti Utah tẹ̀ lé e ní oṣù Keje ọdún náà. Ní Florida, òfin 2023 kan ti sọ irú tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè wọ̀ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Iléèwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta yìí, ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ kí ẹ tó wo ìràwọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ, èyí tó kan apá ọ̀dọ̀ wa gan-an níbi tí ìjọ ECWA ti fìdí múlẹ̀ tí pásítọ̀ sì lè júwe iléèwé fún ọmọ. Òfin Title IX ti 1972, tó dènà kí iléèwé fi akọ tàbí abo ya èèyàn sọ́tọ̀, fàyè gba iléèwé ẹ̀sìn láti yọ ara wọn kúrò nínú rẹ̀. Campus Pride ní àkójọ mìíràn fún àwọn iléèwé tó burú jù, ẹ wá orúkọ iléèwé náà níbẹ̀.

Ẹ kò ní rí yunifásítì Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin lórí Index. Òfin Nàìjíríà ti 2013 tó dènà ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2014, fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lé ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ akọ bíi tiwọn tàbí abo bíi tiwọn sílẹ̀ tàbí tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Kò dárúkọ transgender, ṣùgbọ́n Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá, ti ka ọkùnrin tó wọṣọ obìnrin ní gbangba mọ́ àwọn alárìnkiri. Nítorí èyí, bí ẹ ṣe ń wo ìkànnì náà ṣe pàtàkì bí ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹ lo fóònù ara yín. Kọ̀ǹpútà káfẹ́ máa ń tọ́jú ìkànnì tí èèyàn ṣí, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn yín ni yóò rí i. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Bí ẹ ó bá kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ilé gbígbé, ẹ ṣí àdírẹ́sì tuntun tí kò ní orúkọ ìdílé yín nínú, kí ẹ má sì lo nọ́ńbà tí ilé mọ̀ láti fi ṣí i. Ẹ́jẹ́ńtì tó ń bá yín ṣe ìwé máa ń fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pamọ́: ohun tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù nìkan ni kí ẹ fún un, kí ẹ fi àyè orúkọ ìpè sílẹ̀ lófìfo. Ẹ ó kún un fúnra yín nígbà tí iléèwé bá ti ṣí ojú ewé yín lórí ìkànnì rẹ̀, tí ẹ sì ti gúnlẹ̀ sọ́hùn-ún.