Sáìtì tí wọ́n kó rìsíìtì owó ẹrú sí: mo ti lò ó, ẹ gbọ́ tèmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jiyàn pé owó gbà-má-bínú tí wọ́n ní kí òyìnbó san lórí òwò ẹrú ò ṣeé ṣe, pé ta ló fẹ́ ṣírò ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó gbà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ wo sáìtì kan tí wọ́n ń pè ní Legacies of British Slavery. University College London ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni, kò sí pé ẹ ń forúkọ sílẹ̀ tàbí ẹ ń san kọ́bọ̀.

Ohun tó wà ńbẹ̀ rèé. Lọ́dún 1833 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí wọ́n tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Jàmáíkà, Bàbádọ́ọ̀sì àti káàkiri ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, wọ́n ya £20 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ láti fi tu èèyàn nínú. Kì í ṣe ẹrú o! Àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n tù nínú. Owó yẹn tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 gbogbo owó tí ìjọba ń ná lọ́dún nígbà yẹn. Ẹrú fúnra ẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà, wọ́n tún ní kó ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá ẹ̀ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́, 1838 ni wọ́n tó fòpin sí ìyẹn. Àwọn ọ̀gá wá ń kọ̀wé pé ẹrú tèmi tó báyìí báyìí, owó mi dà, àwọn ìwé yẹn gan-an ni wọ́n kó jọ tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ John Gladstone, bàbá William Gladstone tó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó gbà ju £100,000 lọ lórí ẹrú tó lé ní 2,000. Orúkọ bíṣọ́ọ̀bù Exeter wà ńbẹ̀, àwọn opó wà ńbẹ̀, àlùfáà wà ńbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ ṣe é, ẹrú oko ní iye tiẹ̀, ọmọdé tí ò tíì pé ọdún 6 ní iye tiẹ̀, arúgbó tí agbára ti tán lára ẹ̀ ní iye tiẹ̀, ẹrú Guyana sì wọ́n ju ti Jàmáíkà lọ, wọ́n ṣírò ẹ̀ débi ṣílè àti pẹ́nì. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí Excel, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé lẹ́tà, síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Ẹ wá ń sọ fún mi pé kò ṣeé ṣírò lónìí? Ẹ dákẹ́ jàre.

Wọ́n tún máa ń ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Gbèsè tí ìjọba yẹn jẹ torí àtisan owó yìí, 2015 ni wọ́n tó san án tán. 2015 o, ọdún tí Bùhárí wọlé! Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ Jàmáíkà tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí wọ́n fi àwọn baba ńlá wọn ṣẹrú, owó-orí tiwọn náà wà nínú ohun tí wọ́n fi san án.

Torí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ibi tí ìwé bá wà. Lọ́dún 2013 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti san £19.9 mílíọ̀nù, owó lọ́yà wà nínú ẹ̀, fún àwọn ará Kẹ́ńyà 5,228 tí wọ́n fìyà jẹ nígbà tí àwọn Mau Mau ń bá òyìnbó jà fún òmìnira, àwọn fáìlì tí wọ́n ti kó pamọ́ sí Hanslope Park, ọgbà ìjọba kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára ohun tó ká wọn mọ́. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ tiwa dáadáa, Abíọ́lá ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tí OAU, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà ìgbà yẹn, gbé kalẹ̀ lórí owó gbà-má-bínú yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí ti UI wa níbí wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, wọ́n ṣèpàdé ńlá l'Ábújá ní oṣù kẹrin 1993. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni June 12, ẹ mọ ìyókù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ṣebí àwa la tà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ará Ìbàdàn kọ́ ló yẹ kó ṣe bíi pé òun ò gbọ́ ọ. Ìlú ológun ni tiwa, ẹni tí wọ́n bá kó lógun ló ń ro oko àwọn olóyè, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní ẹrú rẹpẹtẹ. Àwa náà ní tiwa tá a máa dáhùn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ rìsíìtì Lọ́ńdọ̀nù di bébà ẹ̀pà.

Ó kù síbì kan ṣá. Tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ewé kan, ẹ máa rí orúkọ ọ̀gá, àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, ìgbà míì ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ, iye tó gbà. Ẹrú ńkọ́? Nọ́ńbà. "Ẹrú 100", ó parí. Mo mọ̀ pé bí ìwé ìgbà yẹn ṣe wà ni, àwọn onísáìtì ò lè hùmọ̀ orúkọ, àmọ́ ó ń dun èèyàn. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Ẹ lo láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ bá ní, lórí fóònù kékeré ojú á ro yín. Ẹni tí ò ní, kó lọ sí Àgbowó níwájú géètì UI, kafé pọ̀ ńbẹ̀, kó ṣá ti rí i pé iná wà kó tó sanwó. Orúkọ ìlú àti ti oko ni kẹ́ ẹ máa fi wá nǹkan, orúkọ òyìnbó jọra jù.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ kọjá sí SlaveVoyages, sáìtì tó ń to ìrìn àjò àwọn ọkọ̀ ẹrú jọ, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, kẹ́ ẹ wá apá tí wọ́n ń pè ní African Origins. Ibẹ̀ ni orúkọ wà, ó lé ní 90,000, àwọn èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí kóòtù Freetown ní Sierra Leone àti Havana ní Kúbà kọ orúkọ wọn sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí, orúkọ tiwa sì pọ̀ nínú ẹ̀. Bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, torí náà ẹ má fojú kà á, ẹ pè é sókè, kẹ́ ẹ sì jókòó ti àgbàlagbà kan tó mọ orúkọ àtijọ́.