Páàsì Ọdún fún Ọgbà Ìṣeré Kan Ṣoṣo: Kings Dominion, Hersheypark tàbí Busch Gardens fún Ará Maryland?

Láti ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí Six Flags America ní Bowie ti kógbá sílé, kò sí ọgbà ìṣeré ńlá kankan mọ́ tí òbí tó ń gbé ní Prince George's County lè kó ọmọ lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrìn àjò ló kù. Bí ẹ bá gbéra láti Washington, Kings Dominion ní Doswell, Virginia, tó nǹkan bí 80 máìlì. Hersheypark ní Pennsylvania tó nǹkan bí 120, Busch Gardens Williamsburg sì tó nǹkan bí 150. Nígbà tí ọgbà wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó ra páàsì, káàdì tí a fi ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣìṣe. Ní báyìí, ọ̀nà ló ń sọ bóyá owó páàsì á padà wọlé.

Èyí ni ìmọ̀ràn wa kí a tó tú u palẹ̀: ẹ mú kàlẹ́ńdà. Bí ẹ kò bá rí ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ lè fi bírò yí po lónìí, ọjọ́ tí iṣẹ́ kò ní dí yín lọ́wọ́, tí kò sì sí òde tàbí ìsọmọlórúkọ kankan tó bọ́ sí i, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi páàsì sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ọjọ́ mẹ́ta náà, páàsì ọgbà kan ṣoṣo sàn fún ọ̀pọ̀ ìdílé ju èyí tó ń ṣílẹ̀kùn gbogbo ọgbà lọ.

Ìṣirò náà

Iye owó lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye yìí. Ẹ fi èyí tí ẹ bá bá lórí wẹ́ẹ̀bù ọgbà náà rọ́pò wọn. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan jẹ́ $60, owó páàkì (ìyẹn owó ibi ìgbọ́kọ̀sí) $30, páàsì tí páàkì wà nínú rẹ̀ $120, páàsì tí kò ní páàkì $85. Ká ní ìdílé náà jẹ́ ẹni mẹ́rin: bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tó ti lé ní ọdún mẹ́ta.

Tíkẹ́ẹ̀tì lásán, ìlọ kan: $270. Ìlọ méjì: $540. Ìlọ mẹ́ta: $810.

Páàsì $120 fún ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: $480.

Páàsì $120 fún ẹni tó ń wa ọkọ̀, $85 fún àwọn mẹ́ta tó kù: $375.

Ẹ wo ìlà ìkẹyìn yẹn dáadáa. Mọ́tò kan ló ń wọ páàkì, páàsì kan ṣoṣo ló sì nílò láti wọlé. Síbẹ̀ àìmọye ìdílé ló ń ra èyí tó wọ́n fún tọmọdé tàgbà. $105 ló kù sọ́wọ́ ẹni tó bá rà á bíi ti ìlà ìkẹyìn yẹn, kò sì sí nǹkan kan tí ọmọ pàdánù. Ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ni páàsì onípáàkì gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò nígbàkígbà tí ẹ bá ń lọ. Ẹ má fi orúkọ bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé rà á.

Lórí ìwé, páàsì ti borí ní ìlọ kejì. Ṣùgbọ́n kò sanwó epo, kò sì sanwó oúnjẹ. Àlọ àti àbọ̀ 160 máìlì nínú mọ́tò tó ń rin 25 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ gálọ́ọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ tó dín díẹ̀, bí $20. Oúnjẹ ẹni mẹ́rin nínú ọgbà kì í sábà wá sísàlẹ̀ $80. Ẹni tí ì bá lọ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì á ná $370. Bó bá ra páàsì, tó sì wá lọ lẹ́ẹ̀mejì kí owó má baà ṣòfò, á ná $575. Ọjọ́ kejì tó ń pè ní ọ̀fẹ́ yẹn gba $205 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè tọ́ sí i, nítorí ayọ̀ ọmọ kì í ṣe nǹkan kékeré, àmọ́ ó yẹ kó mọ iye tó san.

Ohun mìíràn tó ń tan ènìyàn jẹ ni iye ẹnu ọ̀nà. Ọgbà á kọ ọ́ gàdàgbà pé páàsì "ju owó ìlọ kan lọ díẹ̀", iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n sì fi wé. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í san iye yẹn. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi wé páàsì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé ojú ewé ìsanwó tí owó orí àti owó ìlò ti wọ inú méjèèjì.

Kings Dominion

Òun ló sún mọ́ jù, ohun tó sì jẹ́ ká fi ṣíwájú nìyẹn. Ọgbà omi rẹ̀, Soak City, wà nínú owó ìwọlé, nítorí náà páàsì ọgbà kan níbí dà bí méjì nígbà ooru. Ó dára púpọ̀ fún ọmọ tó ti ga tó íǹṣì 48 sókè. Pantherian, roller coaster tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 305, ń béèrè íǹṣì 54. Rapterra, roller coaster mìíràn, ni wọ́n ṣí ní 2025. Àwọn kéékèèké ní Planet Snoopy, apá ọgbà tó jẹ́ tiwọn.

I-95 ni wàhálà rẹ̀. Láàárín Woodbridge àti Fredericksburg, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Sátidé ìgbà ooru lè sọ ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ di mẹ́ta. Ẹ ti jáde kí aago méje àárọ̀ tó lù. Express Lanes, ọ̀nà kíákíá tí a ń sanwó fún, wà, owó rẹ̀ sì máa ń ga bí mọ́tò bá ṣe ń pọ̀ tó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ẹni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mọ́tò, ọ̀fẹ́ ni, bó bá jẹ́ E-ZPass Flex (ẹ̀rọ kékeré inú mọ́tò tó ń san owó ọ̀nà) lẹ ní. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára rẹ̀ tí a ń tì sí HOV (mọ́tò tó gbé èrò púpọ̀) kí a tó wọlé. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ ó san owó. Ọ̀nà yẹn máa ń yí ojú padà láàárín ọjọ́, síhà gúúsù nígbà kan, síhà àríwá nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ wò ó lórí fóònù kí ẹ tó gbéra.

Ilé-iṣẹ́ tó ni ín dà pọ̀ mọ́ Six Flags ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2024. Wọ́n lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi owó kún un kí páàsì lè ṣí gbogbo ọgbà wọn. Èyí tó sún mọ́ wa nínú wọn ni Dorney Park ní Allentown àti Six Flags Great Adventure ní New Jersey. Bí ẹ kò bá ní ẹbí ní ìhà yẹn tí ẹ ó sùn sọ́dọ̀ wọn, ẹ má fi kún un.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún òbí tó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá. Ọgbà náà ní òfin pé ọmọ tí kò bá ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà lọ́dọ̀ ní àwọn wákàtí kan. Ẹ má ra páàsì nítorí pé ẹ rò pé ẹ ó máa já wọn sílẹ̀ kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Hersheypark

Ọgbà yìí dá dúró, kò sí lára ẹgbẹ́ ọlọ́gbà púpọ̀, nítorí náà páàsì rẹ̀ jẹ́ ti ọgbà kan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìwọlé kan ṣí ọgbà omi tí wọ́n ń pè ní The Boardwalk àti ZooAmerica, ọgbà ẹranko wọn, pẹ̀lú. Bí ọmọ mẹ́ta bá wà nílé tí gíga wọn kò dọ́gba, ibí ni kí ẹ wò. Orúkọ ṣokoléètì ni wọ́n fi ń pín gíga: Miniatures kò tó íǹṣì 36, Kisses láti 36, Reese's láti 42, Hershey's láti 48, Twizzlers láti 54, Jolly Rancher láti 60. Ẹ wọn ọmọ sí ara ògiri nílé kí ẹ tó sanwó. Ọmọ tó wà ní íǹṣì 47 ní oṣù kẹrin lè kọjá 48 kí oṣù kẹjọ tó dé. Páàsì gan-an ni ohun tó yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọgbà tuntun ló ń bá pàdé nígbà tó bá padà dé.

Ọ̀nà I-83 láti Baltimore kì í fi bẹ́ẹ̀ di bíi I-95. Chocolate World wà lẹ́yìn ògiri ọgbà, ọ̀fẹ́ sì ni ìrìn inú rẹ̀, torí náà ẹ má kà á mọ́ èrè páàsì.

Busch Gardens Williamsburg

Òun ló rẹwà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì yẹ kí ará Maryland rò lẹ́ẹ̀mejì jù. Ní 150 máìlì, ọ̀pọ̀ ìdílé á sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, owó oorun kan sì lè ju owó páàsì lọ. Water Country USA, ọgbà omi wọn tó wà ní nǹkan bí máìlì mẹ́ta sí i, ní owó tirẹ̀. Páàsì ọgbà kan ti Busch Gardens kò ṣí i. Bí oṣù keje ni ẹ ń rò, tí àwọn ọmọ sì ń retí omi, ti ọgbà méjì ni kí ẹ bi wọ́n.

Fun Card, páàsì wọn tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, kò ní páàkì nínú, ó ní àwọn ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́, ó sì máa ń parí pẹ̀lú ọdún. Ẹni tó ra ti ọdún yẹn ní oṣù kẹsàn-án kò ní oṣù méjìlá. Láti 2021 ni ọgbà náà ti ń ṣí yíká ọdún, nítorí náà ará Richmond tàbí Hampton Roads, tó lè lọ ní Christmas Town, àjọ̀dún Kérésìmesì ọgbà náà, kó tún lọ ní oṣù kẹta, ni páàsì oṣù méjìlá yẹ jù. Páàsì tó ga jù lọ ń ṣí àwọn ọgbà wọn tó kù, títí kan SeaWorld ní Orlando àti Sesame Place ní Langhorne. Bí Orlando bá wà nínú ètò yín lọ́dún náà, ẹ ṣírò rẹ̀.

Ibi tí owó ti ń jò

Sísan lóṣooṣù ló ń kó bá ènìyàn jù. Ní àwọn ọgbà kan, bí oṣù méjìlá bá pé, káàdì yín á ṣì máa sanwó títí ẹ ó fi kọ̀wé pé ó tó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ ti fi ìránnilétí sórí fóònù fún oṣù kọkànlá lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ rà á.

Ọmọ tó bá máa pé ọdún mẹ́ta láàárín sáà á nílò tíkẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ààrá ọ̀sán oṣù keje máa ń dá àwọn roller coaster gíga dúró fún wákàtí kan tàbí méjì. Ibí ni páàsì ti wúlò: ẹ lè máa lọ sílé ní aago mẹ́ta láìbínú, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Onítíkẹ́ẹ̀tì á dúró dè é nínú òjò.

Ní àwọn ọgbà kan, oúnjẹ ilé kì í wọlé. Ẹ fi kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù sínú búùtù, kí ẹ bèèrè òǹtẹ̀ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ bá ń jáde lọ jẹun. Omi tútù nínú ife sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ohun mímu. Ẹ bèèrè rẹ̀.

Páàsì kò ṣe é yá ara ẹni, nítorí fọ́tò wà lára rẹ̀. Màmá tó wá láti Ìbàdàn wá bá yín wo ọmọ kò lè lo ti ìyàwó ilé tó kù sílé. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ni kí ẹ rà fún wọn, tàbí kí ẹ wò ó bóyá páàsì yín ní ọjọ́ tí a lè mú àlejò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìparí ooru sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ló dára jù láti ra ti ọdún tó ń bọ̀ ní àwọn ọgbà tó bá ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìyókù ọdún yìí pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ sí i, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lórí ID gẹ́lẹ́. Bí gbogbo ilé bá ń pe ọmọ ní Tóbi, tí ìwé rẹ̀ sì ń jẹ́ Oluwatobiloba, Oluwatobiloba ni kí ẹ kọ, kí wọ́n má baà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn yòókù ti wọlé.